Lítà àbí kílò? Ìfiwéra ọ̀nà tí a fi ń wọn epo àti òróró ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè mú tirẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ epo ọbẹ̀ ilé lásán lẹ fẹ́ rà, ìgò àti lítà tó fún yín. Ẹ má wulẹ̀ náwó lórí síkéèlì nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe kéèkì tàbí búrẹ́dì tà, tàbí tí ẹ ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ àti púfù-púfù fún owó, ẹ fi gíráàmù àti kílò wọ̀n. Bó bá jẹ́ ọṣẹ lẹ ń ṣe, kílò nìkan ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kó epo lọ́pọ̀ láti ibi ìfọpo ní agbègbè Ìjẹ̀bú Igbó, ẹ nílò méjèèjì, kí ẹ sì mọ bí a ti ń yí ọ̀kan sí èkejì, torí ibẹ̀ ni owó ńlá ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun tó ya lítà sọ́tọ̀ sí kílò

Lítà ń sọ bí nǹkan ṣe gba àyè tó nínú kẹ́ẹ̀gì. Kílò ń sọ bó ṣe wúwo tó. Omi ló ń mú kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ wa lójú, torí lítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan gẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni epo rí. Ṣùgbọ́n epo fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Lítà epo kan, nínú ooru ilé wa ní Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ṣágámù, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 910. Gíráàmù 90 tó kù kó tó pé kílò kan ni gbogbo àlàyé yìí dá lé.

Nínú ìwé àwọn òyìnbó, 920 lẹ ó máa rí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Níbi tó tutù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ní ìwọ̀n 20 Celsius. Ilé ìdáná tiwa sábà máa ń móoru tó 28 sí 32, epo sì máa ń fẹ̀ bó bá ti ń móoru, nítorí náà lítà kan rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Oríṣi epo náà ní ìyàtọ̀ tirẹ̀, àmọ́ kò pọ̀: epo pupa, òróró ẹ̀pà àti òróró tí wọ́n yọ lára epo pupa kò jìnnà sí 910, òróró sóyà lè tó 915 tàbí kó lé díẹ̀. Èmi ń lo 910 fún gbogbo wọn, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ń se oúnjẹ fi ní láti há oríṣiríṣi nọ́ńbà sórí.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ lè ṣe é báyìí: láti lítà sí kílò, ẹ yọ ìkan nínú mẹ́wàá kúrò; láti kílò sí lítà, ẹ fi ìkan nínú mẹ́wàá kún un. Lítà 10 á di kílò 9 (9.1 ni gan-an). Kílò 10 á di lítà 11. Ó tó fún ìdúnàádúrà lójú ọjà.

Èyí ni àwọn tí a máa ń bá pàdé jù:

Ṣíbí tíì kan (mílílítà 5): gíráàmù 4.5
Ṣíbí ìjẹun ńlá kan (mílílítà 15): gíráàmù 14
Ike 50cl: gíráàmù 455
Ìgò bíà ńlá, 60cl: gíráàmù 546
Ike omi 75cl: gíráàmù 683
Lítà 1: gíráàmù 910
Kẹ́ẹ̀gì lítà 4: kílò 3.64
Kẹ́ẹ̀gì lítà 5: kílò 4.55
Kẹ́ẹ̀gì lítà 10: kílò 9.1
Kẹ́ẹ̀gì lítà 25: kílò 22.75

Epo nìkan ni o, ìwúwo kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Lójú ọjà: ìgò, kẹ́ẹ̀gì, àbí síkéèlì?

Ní Òkè Ajé ní Ìjẹ̀bú Òde, ìgò ni àwọn tó ń ta epo ní díẹ̀díẹ̀ fi ń wọ̀n. Ìgò sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá béèrè iye owó lọ́wọ́ ìyá elépo méjì, tó wá mú èyí tó dárúkọ owó tó kéré jù, lè ti ra ọ̀wọ́n láìmọ̀. Ẹ béèrè irú ìgò tó jẹ́:

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá elépo. Èló ni ìgò kan mà?"

"Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgò bíà ni àbí ike omi?"

"Ìgò bíà ni. Bó bá jẹ́ ike omi lo fẹ́, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ni."

Ká ní iye tí wọ́n dárúkọ nìyẹn. Ìgò bíà 60cl ní ₦1,500 túmọ̀ sí ₦2,500 lórí lítà kan. Ike 75cl ní ₦1,800 jẹ́ ₦2,400 lórí lítà kan. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ló dín owó fún yín. Nínú irú ìfiwéra yìí, lítà sí lítà ni, kílò kò wọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tó ń ra epo ìkọ́kọrẹ́ fún ilé rẹ̀ kò nílò ju èyí lọ. Ọwọ́ àwọn ìyá wa mọ bí epo ṣe gbọ́dọ̀ hàn lójú ewùrà kó tó gbà, kò sí síkéèlì tó máa kọ́ wọn.

Ibi tí kílò ti ń wúlò lọ́jà ni ibi tí ọjà méjì bá gbé orúkọ ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sára. Lórí igbá ìtajà kan náà, ẹ lè rí kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n kọ lítà 5 sí, kí èkejì jẹ́ kílò 5. Ká ní ti lítà jẹ́ ₦15,000, ti kílò jẹ́ ₦16,000. Ojú á lọ sí ti ₦15,000. Ẹ yí wọn sí ohun kan náà kí ẹ tó mú owó jáde. Lítà 5 jẹ́ kílò 4.55, owó kílò kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦3,300. Ti kejì jẹ́ ₦3,200 péré lórí kílò kan. Èyí tí wọ́n fi ₦1,000 lé lórí ló dín owó. Bí ẹ bá sì ń gbé e láti Òkè Ajé lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín tí ẹ ń rà á lóṣooṣù, ìyàtọ̀ yẹn á di nǹkan.

Bí a bá wá dé orí kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25, ọ̀rọ̀ gba sùúrù. Kẹ́ẹ̀gì kì í parọ́ bí kò bá wú, bí kò bá tẹ̀, bí epo bá dé ibi tó yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n a máa ń rí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú, èyí tó ti gbé ooru títí tó fi wú, àti èyí tí wọ́n kún dé ọrùn tàbí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní èjìká. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ 25 sí máa ń gbà ju 25 lọ bí a bá kún un dé ẹnu. Ẹni tó ń rà á sì lè bá ẹlòmíràn jiyàn títí láìmọ ẹni tó jàre. Síkéèlì ìfikọ́ ló ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wọn èyí tó kún, ẹ yọ ti òfìfo kúrò. Bí epo inú rẹ̀ bá tó kílò 22.75, lítà 25 pé nínú ooru wa, ohunkóhun tí kẹ́ẹ̀gì ìbáà dà bí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lọ kó epo níbi ìfọpo mọ̀. Epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè gbóná. Bí wọ́n bá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tó ṣì wà ní nǹkan bí 60 Celsius, tí ó sì tutù dé 27 kí ẹ tó dé ilé, yóò wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 2.4 nínú 100. Nínú lítà 25, ìyẹn tó ìgò bíà kan. Kò jò, awakọ̀ kò jí i, ìyá tó tà á kò sì rẹ́ yín jẹ. Epo náà ló kóra jọ. Mo ti rí ìjà tó le lórí èyí láàrin àwọn tó ti ń bá ara wọn ṣòwò tipẹ́, tí ó sì yẹ kí síkéèlì kan ti là á láìsí ariwo. Ìwúwo kì í yí padà nítorí ooru. Kílò 22 tó gbóná, kílò 22 náà ni lẹ́yìn tó bá tutù, kódà bí ọyẹ́ bá mú kó dì pátápátá. Nítorí náà, níbi ìfọpo, kílò ni kí ẹ fi dúnàádúrà bí ẹ bá lè ṣe é. Bí wọn kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí epo tutù kí ẹ tó kún kẹ́ẹ̀gì, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi ìgò kan lé e.

Ṣé síkéèlì lè tú àṣírí omi nínú epo? Àwọn kan gbà pé ó lè ṣe é, torí omi wúwo jù. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wo ìṣirò náà: bí lítà 5 nínú 25 bá jẹ́ omi, tí ó jẹ́ pé olè ńlá nìyẹn, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kílò 23.2 dípò 22.75. Kò tó ìlàjì kílò. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kún díẹ̀ jù lè fún yín ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí omi kankan nínú rẹ̀. Ojú àti iná ló dára jù: ẹ rọ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó dúró, omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Tàbí kí ẹ gbé díẹ̀ kaná. Èyí tó lómi á máa ta pàrà-pàrà.

Nínú ilé ìdáná: ṣíbí àti ife, àbí gíráàmù?

Fún ọbẹ̀, ṣíbí àti ife ló yẹ. Wọ́n yá, kò sí bátìrì tí yóò kú. Èyí tó ń kó wàhálà báni ni ìlànà oúnjẹ tí a mú láti ilẹ̀ òkèèrè. Ife àwọn ará Amẹ́ríkà gba nǹkan bíi mílílítà 240, ìyẹn gíráàmù 218 epo. Ti Ọsirélíà gba 250, ṣíbí ìjẹun ńlá tiwọn sì jẹ́ mílílítà 20, nígbà tí ti ibòmíràn jẹ́ 15. Ife tíì tó wà nílé yín lè má bá ọ̀kankan mu. Gíráàmù kò ní irú ìdààmú yìí. Gíráàmù 218 ní Ìlíṣàn náà ló jẹ́ ní Chicago.

Àǹfààní kejì ni pé epo máa ń lẹ̀ mọ́ ife. Bí ẹ bá wọn òróró sínú ife tí ẹ wá dà á sínú àwo, díẹ̀ á kù lára ife, ẹni tó ń ṣe kéèkì kékeré fún títà á sì rí i nínú bí kéèkì ti òní ṣe yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ gbé àwo sórí síkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá nọ́ńbà padà sí òdo, ẹ wá máa rọ òróró tààrà títí á fi pé. Ẹ ò ní fọ ife ọlọ́ràá.

Ọ̀pọ̀ alákèéèkì ló ń fi òróró dípò bọ́tà nígbà tí bọ́tà bá wọ́n. Níbí ni lítà àti kílò ti ń fa àṣìṣe onílọ̀ọ́po méjì. Bọ́tà gidi ní ọ̀rá tó tó ìdá 80 nínú 100, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tán. Bí ìlànà bá ní kí ẹ fi gíráàmù 200 bọ́tà, gíráàmù 160 òróró ni ẹ fẹ́. Mílílítà tó máa fún yín ní gíráàmù 160 sì ni 176. Ẹni tó bá rọ mílílítà 200 ti fi òróró tó pọ̀ jù sí i, kéèkì rẹ̀ á wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tutù bí ẹni pé kò jinná. Ẹ má gbàgbé láti fi omi tàbí mílíìkì díẹ̀ rọ́pò omi inú bọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ tà, ẹ̀yin ni mo rò jù nígbà tí mo ń kọ èyí. Òróró ló ń jẹ owó yín, ó sì ṣòro láti mọ iye tí ọ̀jọ̀jọ̀ mu. Ẹ wọn ìkòkò pẹ̀lú òróró tútù kí ẹ tó gbé e kaná. Lẹ́yìn tí ẹ bá dín tán tí ó sì ti tutù, ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ ni ohun tí ọjà yín mu. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 455, ẹ ti lo ìdajì lítà, ẹ mọ iye owó rẹ̀, ẹ lè pín in sórí iye ọ̀jọ̀jọ̀ tí ẹ tà. Ṣíbí àti ife kò lè ṣe èyí fún yín, torí ẹ ò lè máa fi ife bu òróró gbígbóná padà láìsí ewu, àti pé òróró gbígbóná fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìfẹ̀ yẹn pọ̀ ju bí èèyàn ti rò. Ẹni tó ń yọ́ epo fún ayamáṣe, ọbẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ Ìkẹ́nnẹ́, máa ń jẹ́ kí epo gbóná gidi kí àwọ̀ pupa rẹ̀ tó kúrò. Ní 200 Celsius, lítà epo kan ti gba àyè ju lítà 1.1 lọ. Nítorí náà, ẹ wọn epo ayamáṣe nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Tẹ́ẹ bá ń wo kálórì lára ike òróró, ẹ kíyè sí bóyá mílílítà 100 tàbí gíráàmù 100 ni wọ́n fi kọ ọ́. Gíráàmù 100 òróró èyíkéyìí ní bí 880 sí 900; mílílítà 100 rẹ̀ ní bí 800 sí 825. Èyí tó ní nọ́ńbà kékeré kò ṣara lóore ju èkejì lọ, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ọṣẹ

Ní ibí yìí mi ò ní fún yín ní yíyàn. Ọṣẹ dúdú tí àwọn àgbà ń fi eérú ṣe jẹ́ iṣẹ́ ojú àti ọwọ́, agbára eérú kò sì dọ́gba láti ọ̀dọ̀ kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kọ́sítíìkì sódà ṣe ọṣẹ ń ṣe ohun tí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ pé níbẹ̀, torí iye sódà tí epo lè gbà ní ààlà. Kílò kan epo pupa nílò nǹkan bíi gíráàmù 141 sódà kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ. Ẹni tó bá gba lítà kan bí ẹni pé kílò kan ni, á fi 141 sí i, nígbà tí gíráàmù 910 tó wà níwájú rẹ̀ kò nílò ju 128 lọ. Gíráàmù 13 sódà ti ṣẹ́kù tí kò rí epo bá lò. Òun ló ń jó ọmọdé lára, òun ló ń mú kí ọwọ́ alágbàfọ̀ bó.

Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń dín sódà kù ní ìdá 5 nínú 100 kí ọ̀rá díẹ̀ lè kù nínú ọṣẹ fún ara. Ìyẹn á mú 141 wá sí 134. Ó ṣì ju 128 lọ. Ìdáàbòbò tí wọ́n rò pé àwọn ní kò bo àṣìṣe lítà. Bó bá sì jẹ́ lítà 10 ni wọ́n sè, bíi gíráàmù 60 sódà ló wà nínú ọṣẹ tí wọ́n gé, tí wọ́n dì, tí wọ́n gbé lọ sọ́jà.

Àdín àgbọn ń fẹ́ sódà tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi gíráàmù 180 lórí kílò kan, nítorí náà ẹni tó bá po epo méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àdín àgbọn máa ń dì bí ilé bá tutù tó 24 Celsius, ohun tó dì kì í sì í ṣe é wọ̀n nínú ife dáadáa. Àwọn àyè tó ṣófo á wà nínú rẹ̀. Síkéèlì kò bìkítà bó dì tàbí bó yọ́. Ní ti sódà fúnra rẹ̀, inú omi la ń dà á sí, a kì í da omi lé e lórí.

Bí ọjà bá pọ̀ tó tọ́ọ̀nù

Ọjà àgbáyé, títí kan ti Màléṣíà tí gbogbo ayé ń wò, ń dá owó lé epo pupa ní tọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń ta kẹ́ẹ̀gì ní Ìjẹ̀bú Igbó ń gbọ́ iye tọ́ọ̀nù, ó sì ní láti sọ ọ́ di kẹ́ẹ̀gì. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000, ìyẹn nǹkan bíi lítà 1,099. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rìnlélógójì (44) ni. Ẹni tó bá fi lítà ṣe kílò á ka 40. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló ṣubú sáàrin, lórí tọ́ọ̀nù kan péré. Bí ẹ bá ń rà, tí ẹni tó ń tà sọ fún yín pé kẹ́ẹ̀gì 40 pé tọ́ọ̀nù, ẹ ní kó gbé mẹ́rin sí i. Bí ẹ bá ń tà, tí oníbàárà ní kí ẹ kó tọ́ọ̀nù wá, ẹ má ṣe dárúkọ owó 40.

Irú síkéèlì tí ẹ lè rà

Ẹni tó ń ṣe kéèkì àti ọṣẹ, kí ó ra ti orí tábìlì tó lè gbé kílò 5, tó sì ń fi gíráàmù kan-kan hàn. Fún sódà, kékeré tó ń fi ìdá gíráàmù hàn dára sí i. Fún kẹ́ẹ̀gì, ti ìfikọ́ tó lè gbé kílò 50 ló yẹ, kí ìkọ́ rẹ̀ le. Ti alábẹ́rẹ́ tó ní síprín-ìn máa ń ṣì díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ń pẹ́, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Omi ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ra ike omi tí wọ́n kọ lítà 1.5 sí, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe kún, ẹ wọn ike kan náà lófìfo, ẹ yọ ìwúwo òfìfo kúrò. Bí síkéèlì kò bá fi ohun tó sún mọ́ kílò 1.5 hàn, ẹ má tíì fi wọn sódà.